Kí ẹ tó ra àpótí sípánà: ohun tí pípààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ nílé ti fojú wa rí

 

Nígbà tí a lọ wo oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní ọ̀nà Erijíyàn láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n kan tó ń fi Sienna kó àgbagbà lọ sí Adó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ yín. Irinṣẹ́ wo ni kí n rà? Mo ti rí àpótí kan, irin inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ó ń dán gbinrin." A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì ra àpótí náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ yẹn, a ò lè ṣàlàyé tán, ìdí nìyí tí a fi jókòó kọ eléyìí.

Ẹ lè ní kí ló kan àwa tí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ ti ajílẹ̀ àti kòkòrò. Ó kàn wá o. Irè oko tí ọkọ̀ kò bá gbé dé ọjà, jíjẹrà ló máa jẹrà. Bí ọkọ́ àti àdá ṣe jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò.

Àwa méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ ní agbègbè Arámọkọ la dá owó jọ ra Corolla àlòkù kan, ti ọdún 2005. Òun ló ń gbé wa dé Ìjerò, òun ló ń gbé wa dé Òkèmẹ̀sí àti Ẹ̀fọ̀n, títí kan àwọn ojú ọ̀nà oko tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkúta pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì la ń gbé e lọ fún sábíìsì. Lọ́jọ́ kan a sanwó ọ́ìlì, a sanwó fílítà tuntun. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn tó ń ṣe nǹkan míì lára ọkọ̀ náà fi fílítà hàn wá. Ti àtijọ́ ni! Wọ́n kàn fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kó lè dán ni. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọmọlúàbí pọ̀, ọwọ́ wọn náà la ṣì ń gbé ọkọ̀ lọ tí ohun tó le bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn la pinnu pé ọ́ìlì àti fílítà, àwa fúnra wa lá máa ṣe é.

Ìpinnu náà dára. Ọ̀nà tí a gbà ra irinṣẹ́ ni kò dára. Àṣìṣe mẹ́ta la ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan ńlá jẹ́.

ÀKỌ́KỌ́: SÍPÁNÀ TÓ Ń MÚ GBOGBO NǸKAN

A ra sípánà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fẹ̀, tó sì ṣeé pa dé. A rò pé ọgbọ́n la gbọ́n, pé ọ̀kan ṣoṣo á mú gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín wa báyìí. Ta ló ń fi ọkọ́ tó fi kọ ebè iṣu ro oko ẹ̀fọ́?

Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì tí à ń tú kí ọ́ìlì àtijọ́ lè jáde. Ẹnu sípánà wa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì ń fá igun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A ṣáà rí i tú. Nígbà tí a fẹ́ dá a padà, ẹ̀rù ń bà wá pé ọ́ìlì á máa jò, la bá há páìpù irin mọ́ ìdí sípánà, a fi gbogbo agbára fún un. A gbọ́ tó ró "kẹ́", a rò pé ó ti le dáadáa nìyẹn. Àṣé ìlà tó yí ara nọ́ọ̀tì ká, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, ló já.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a di igi ẹ̀gẹ́ TME 419 sí ẹ̀yìn ọkọ̀, à ń gbé e lọ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀fọ̀n. Àwọn èèyàn ti kọ ebè sílẹ̀, wọ́n ń retí wa. Bí a ṣe kọjá Ìtawúrẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, iná pupa kan tàn níwájú wa, èyí tó dà bíi kẹ́tùlù tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. A pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun ọlọ́gbọ́n tí a ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. A fa gééjì yọ, kò sí ọ́ìlì kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ti jò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: iná yẹn kì í ṣe èyí tí a ń sọ pé "ká délé ná." Ọ́ìlì ló wà láàárín àwọn irin tó ń yípo nínú ẹ́ńjìnì tí wọn ò fi jẹ ara wọn. Tí kò bá sí mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti sọ ẹ́ńjìnì di irin títà. Ẹ pa á, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ́ńjìnì wa yè é. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ la tó rí ẹni wọ́ ọkọ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ tó ń dúró dè wá ti túká, oòrùn sì ti fọwọ́ ba igi ẹ̀gẹ́ náà. Bàbá kan nínú wọn pè wá lórí fóònù lálẹ́, wọn ò bínú, wọ́n kàn ní, "Ẹ ò kúkú pẹ́ kí ẹ tó máa bá wa wí pé àwa la máa ń pẹ́ gbin nǹkan." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá.

Ohun tí a kọ́ rèé. Ẹ mọ nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra sípánà. Ọ̀pọ̀ Toyota tó wà lójú ọ̀nà wa, nọ́mbà 14 ni nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wọn. Ọ̀pọ̀ Honda, 17 ni. Ẹ yẹ tiyín wò, ẹ má fi ti ará ilé kejì ṣe ìwọ̀n. Sípánà tí orí rẹ̀ dà bí òrùka ni kí ẹ rà, èyí tó máa yí nọ́ọ̀tì náà ká pátápátá. Tí ihò rẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́fà bíi ti nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ó sàn ju onígun méjìlá lọ, nítorí gbogbo ìhà rẹ̀ ló máa dì í mú. Ẹyọ kan ṣoṣo tó dára, tí kì í tẹ̀, tó àpótí kan lọ.

Agbára tí ẹ máa fi dè é ńkọ́? Irú nọ́ọ̀tì 14 yìí kò fẹ́ agbára rẹpẹtẹ. Tí sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, agbára tó dà bíi kí ẹ gbé kílò 18 sí 20 kọ́ ìdí rẹ̀ ti tó o. Ẹ rántí bí bààgì sìmẹ́ǹtì ṣe wúwo, kílò 50 ni. Ohun tí à ń sọ yìí kò tó ìdajì rẹ̀. Ọwọ́ kan, láìsí páìpù, láìfi ẹsẹ̀ tì í. Wọ́ṣà kékeré kan sì wà láàárín nọ́ọ̀tì náà àti ara ẹ́ńjìnì. Òun gan-an ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì, kì í ṣe agbára yín. Ẹ máa fi tuntun sí i nígbàkúgbà tí ẹ bá ti tú u.

ÈKEJÌ: OHUN TÍ Ọ̀KỌ̀ DÚRÓ LÉ

Tí ọkọ̀ yín bá ga bíi Hilux, ẹ lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìgbé e sókè rárá. Corolla wa kò ga. Jáàkì tó bá ọkọ̀ wá la fi gbé e, a wá fi búlọ́ọ̀kù méjì tì í lábẹ́. Gbogbo wa la ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò jọ ohun tó lè ṣeni ní nǹkan. Ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa rọ̀.

Ọ̀kan nínú wa wà lábẹ́ ọkọ̀ dé èjìká, ẹnìkejì ń na sípánà sí i. Ẹni tó wà lábẹ́ rántí pé a ò mú àkísà dání, ló bá yọ jáde kó lè nawọ́ mú un lórí ìgànná. Kò tíì nàró tán tí búlọ́ọ̀kù kan fi fọ́. Kò kọ́kọ́ dún, kò lanu, ó kàn túká lẹ́ẹ̀kan náà ni. Jáàkì wọ́, ọkọ̀ já wálẹ̀. Nígbà tí a gbé e sókè padà, bàsíà tí a fi ń gba ọ́ìlì ti pẹlẹbẹ bí abọ́ tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Ibi tí bàsíà yẹn wà, ibẹ̀ ni orí èèyàn wà ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú.

A ò lè sọ̀rọ̀. Bàbá kan ní àdúgbò wa tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun títí tó fi dàgbà ló wá bá wa níbẹ̀. Wọ́n wo búlọ́ọ̀kù, wọ́n wo bàsíà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mọ́tò ò mọ ẹni tó ni ín."

Àwọn náà ló là wá lóye. Búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri ń gbé ẹrù nítorí pé ẹrù náà tàn ká orí rẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n etí irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, ojú kan ṣoṣo ló ń tẹ̀, inú búlọ́ọ̀kù sì ṣófo. Corolla wa lé ní kílò 1,100. Ẹ to bààgì sìmẹ́ǹtì tó lé ní 20 lọ́kàn yín, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ ó sùn sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí sípánà tó kàn, ẹ ra jáàkì sítáńdì méjì, ẹsẹ̀ irin tí a lè gbé sókè kí a sì fi pín-ìn-nì dá dúró. Ẹ wo ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sí i, kó ju ohun tí ọkọ̀ yín wọ̀n lọ dáadáa. Ẹ ka bí wọ́n ṣe jó o pọ̀. Èyí tí ìjópọ̀ rẹ̀ rí wúruwùru, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Jáàkì fún gbígbé ni, sítáńdì ló wà fún dídúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Orí ilẹ̀ líle ni kí ẹ ti ṣe é. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ oko ló wà, ẹ fi pákó fífẹ̀ tó nípọn sábẹ́ sítáńdì kó má baà rì. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ti sípéà táyà sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tí ohunkóhun bá já, òun ló máa kọ́kọ́ gbà á. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà. Tó bá ń gbọ̀n, ẹ má wọlé.

Ẹni tí kò bá tíì lówó sítáńdì, kó ṣì máa gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó dúró tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌKẸTA: IBI TÍ ỌÌLÌ ÀTIJỌ́ Ń LỌ

Èyí ló dùn wá jù, nítorí ẹlòmíràn ló fara gbá a.

Nígbà tí a ti ní sítáńdì àti sípánà gidi, a rò pé ó tán. A máa ń da kọ́ńdẹ̀m ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì ofeefee lítà 25, a ń gbé e sẹ́yìn ilé. Nígbà tó kún, ẹni tó ń lá igi ní sọ́míìlì wá rọ ọ́ lọ, kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà níbẹ̀. A ò kọ nǹkan kan sí i lára.

Màmá kan tí a jọ ń gbé àgbàlá, epo pupa ni wọ́n ń tà. Ọmọ wọn kó àwọn kẹ́ẹ̀gì jọ láti fọ̀, ó kó tiwa mọ́ ọn. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, kò sí ohun tó kù tí ojú lè rí. Wọ́n rọ epo sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Màmá mọ epo. Wọ́n ṣí i lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n pè wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè wá sípàdé, tí ẹ ní ká má fi ike oògùn apakòkòrò pọn omi?"

Kí la fẹ́ sọ? A san owó epo náà. Ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́, Màmá kò sì tà á. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn tó ń wá èrè ni, ìkòkò ọbẹ̀ ilé mélòó ni kò bá dé!

Ẹ má fojú kéré kọ́ńdẹ̀m. Ẹ̀rún irin tó jẹ kúrò lára ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀, àti ìdọ̀tí tí iná jó sínú rẹ̀. Ike máa ń fà á mu, ọṣẹ ò lè fọ̀ ọ́ tán. Àwọn oníṣègùn kìlọ̀ pé kí ó máa kan awọ ara léraléra lọ́dún gbọọrọ lè fa jẹjẹrẹ awọ. Nítorí náà ìbọ̀wọ́ wà lára irinṣẹ́. Ẹ má fi kun ara ewúrẹ́ tí awọ rẹ̀ ń ṣí, ẹ má fi kun igi àká tàbí ọgbà iṣu, ẹ má sì dà á sílẹ̀ nítòsí kànga tàbí odò. Díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti ba omi púpọ̀ jẹ́.

Ohun tí a ń lò báyìí kò wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan tó ti gbó, a dà á dùbúlẹ̀, a fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò, ó di abọ́ ńlá tó ń gba gbogbo ọ́ìlì láìta sílẹ̀. Àtikó padà rẹ̀ rọrùn, nítorí ẹnu kẹ́ẹ̀gì ṣì wà níbẹ̀ tí a fi ń rọ ọ́. Èkejì tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, a fi ọ̀dà dúdú kun ún yíká, a kọ "KỌ́ŃDẸ̀M, MÁJÈLÉ" sí i, a sì fi ọ̀bẹ da ibi tí à ń dì í mú lu kó má baà wu ẹnikẹ́ni. Àrọ tí a fi ń rọ ọ́ìlì, a kun òun náà. Àrọ ọ́ìlì kì í bá àrọ epo gbé ilé ìdáná kan náà.

TÓ BÁ DI RÍRÀ, BÁYÌÍ NI KÍ Ẹ TÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí ọkọ̀ máa dúró lé. Ẹ wá ra sípánà kan tó bá nọ́ọ̀tì yín mu, àti wọ́ṣà bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti sàmì sí, àrọ, ìbọ̀wọ́ àti àkísà.

Ẹ̀yìn èyí ni irinṣẹ́ fílítà. Àwọn kan wà tó dà bí fìlà tó ń dé orí fílítà, àwọn kan sì jẹ́ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó ń dì í mú. Tí ẹ bá fẹ́ oní-fìlà, ẹ mú fílítà yín dání lọ sọ́jà kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, nítorí wọn ò dọ́gba. Ẹ má fi síkúrúdíráfà gún fílítà láti fi yí i. Ó lè ya, ìdajì rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Fún títú nìkan ni irinṣẹ́ yẹn. Tuntun, ọwọ́ la fi ń dè é: ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà etí rẹ̀, ẹ yí i títí tí rọ́bà fi kan ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kan kún un. Ẹ rí i dájú pé rọ́bà ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ déètì sí i lára. Kódà bí mẹkáníìkì ló ń ṣe é fún yín, ẹ kọ déètì sí i lójú wọn. Fílítà tó ní déètì kò ṣeé fọ̀ kó di tuntun.

Ẹ tún wá jọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ lítà sí lára. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí à ń rà, lítà mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n Corolla bíi tiwa, pẹ̀lú fílítà tuntun, nǹkan bíi lítà 3.7 ló ń gbà. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i, ó ti pọ̀ jù. Gééjì ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba gálọ́ọ̀nù gbọ́. Ọ̀kadà ńkọ́? Bíi lítà kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, sípánà, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì alámì náà ló sì fẹ́.

Ọ́ìlì fúnra rẹ̀, ohun tí ìwé ọkọ̀ bá kọ ni kí ẹ rà. 5W-30 ni wọ́n kọ sí tiwa. Ẹ wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu gálọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó jù ú nù, nítorí àwọn tó ń ta ayédèrú ń wá òfìfo tó mọ́ láti rọ ọ́ìlì burúkú sí.

Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, iye kìlómítà tó wà lójú máìlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù gun òkè nínú eruku kò lè jẹ́ kó pẹ́ bíi ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀dà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó àgbagbà, èsì ìbéèrè yín nìyí o. Àpótí tó ń dán yẹn, owó rẹ̀ lè ra sítáńdì. Ẹ ra sítáńdì. Nígbà tí a tún rí Màmá elépo lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n na ìka sí kẹ́ẹ̀gì dúdú wa lẹ́yìn ilé, wọ́n ní, "Èyí yé èmi gan-an." A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá mọ awakọ̀ tó ń kó irè oko, ẹ bá wa fi eléyìí ránṣẹ́ sí i. Tí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ tiyín bá yàtọ̀ sí èyí tí a sọ, ẹ sọ fún wa kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀. Ọ̀nà á là o, irè oko á délé.